Ọ̀nà Wo Ló Yẹ Kí A Fi Tọ́ Ìtànṣán Nútírọ́ọ̀nù?

Ní ọdún 1974, Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ nítòsí Mọníyà, ní Ìbàdàn, tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí bí irú ilẹ̀ àti bí ilẹ̀ ṣe ki tó ṣe ń yí òǹkà ọ̀pá nútírọ́ọ̀nù padà. Iṣẹ́ ọ̀pá náà kò díjú. Wọ́n á ri páìpù mọ́lẹ̀ nínú oko, wọ́n á sọ ọ̀pá náà sínú rẹ̀, nútírọ́ọ̀nù á sì máa ta jáde lára rẹ̀ lọ sí gbogbo ìhà. Èyí tó bá kọlu háídírójìn inú omi ilẹ̀ ni eré rẹ̀ máa ń rọ̀. Ẹ̀rọ á ka iye àwọn tí eré wọn ti rọ̀, a ó sì mọ bí ilẹ̀ ṣe lómi tó. Kò sẹ́ni tó darí nútírọ́ọ̀nù wọ̀nyẹn, kò sì sẹ́ni tó bìkítà nípa ibi tí wọ́n gbà. Fún ẹni tó fẹ́ mọ omi tó wà lábẹ́ àgbàdo ní Akínyẹlé tàbí Ọlódò, ìyẹn ti tó.

Kò tó fún ẹni tó ń wádìí ohun èlò kúáńtọ́ọ̀mù. Àwọn ohun èlò wọ̀nyí ni èyí tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú wọn kì í dá ṣe tara rẹ̀. Ìwà tí wọ́n ń hù lápapọ̀ kò ṣeé fi ìṣirò ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣàlàyé. Lára wọn ni àwọn kírísítálì tí bàbà wà nínú wọn, irú èyí tí Bednorz àti Müller ṣí ojú ayé sí ní 1986, tí iná mànàmáná ń gbà kọjá láìsí ìdíwọ́ kankan bí wọ́n bá mú wọn tutù dé ìwọ̀n kan. Lára wọn náà ni àwọn òòfà tí òòfà átọ́ọ̀mù inú wọn kọ̀ láti tò, bó ti wù kí òtútù pọ̀ tó. Ẹni tó bá fẹ́ fi nútírọ́ọ̀nù yọjú wo inú wọn gbọ́dọ̀ mọ eré tí nútírọ́ọ̀nù ń sá bọ̀, ìhà tó ti wá, àti ibi tí òòfà kékeré inú rẹ̀ kọjú sí. Ohun tó bá yí padà lẹ́yìn ìkọlù ni yóò fi mòye ohun tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ṣe. Ọ̀nà wo ló wá dára jù láti tọ́ ìtànṣán náà kó tó dé ibẹ̀? Ìdáhùn pọ̀, wọn ò sì bára mu.

Ìdí tí kò fi rọrùn

Láti ìgbà tí James Chadwick ti ṣàwárí nútírọ́ọ̀nù ní 1932 ni a ti mọ̀ pé kò ní agbára iná lára. Ìdí nìyẹn tó fi lè la irin kọjá, kó wọ inú ẹ̀rọ ìtutù, kó sì dé àárín kírísítálì láìba nǹkan jẹ́. Ìdí kan náà yìí ló fà á tí kò fi sí ibi tí a ti lè dì í mú. Agbára iná tó ń darí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tàbí púrótọ́ọ̀nù kò ràn án.

Bí a bá fi omi lásán rọ eré rẹ̀, yóò máa sáré ní nǹkan bí mítà 2,200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gígùn ìgbì rẹ̀ nígbà náà jẹ́ nánómítà 0.18, èyí tó sún mọ́ àlàfo tó wà láàárín átọ́ọ̀mù méjì nínú kírísítálì. Agbára ìrìn rẹ̀, tó jẹ́ ìdá 25 nínú ẹgbẹ̀rún electronvolt, tún sún mọ́ agbára tí átọ́ọ̀mù àti òòfà inú kírísítálì fi ń mì. Ìtànṣán X tí ìgbì rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ ní agbára tó tó electronvolt 7,000, nítorí náà ìyípadà kékeré ṣòro gan-an láti rí lára rẹ̀. Nútírọ́ọ̀nù rí méjèèjì pa pọ̀, kò sì sí ohun mìíràn tó rí wọn bẹ́ẹ̀ nírọ̀rùn.

Àmọ́ nútírọ́ọ̀nù wọ́n. Òfin ìṣirò kan tí à ń fi orúkọ Joseph Liouville pè sì fi kún ìṣòro náà: kò sí jígí tàbí páìpù tó lè fún ìtànṣán jọ sójú kan, kó sì tún mú kí gbogbo rẹ̀ kọjú síhà kan náà, láìda díẹ̀ nù. Ẹni tó ń jọ èlùbọ́ mọ̀ pé bí ojú ajọ̀ bá ṣe kéré tó ni ìyẹ̀fun á ṣe kúnná tó, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó máa kù sókè á ṣe pọ̀ tó. Ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà láti dà nù ni wọ́n fi yàtọ̀ síra, òun náà ni mo sì máa fi wọn wọ́n.

Àwọn tó ní kí a ṣà á

Ẹgbẹ́ yìí ló pẹ́ jù. Ní Chalk River ní Kánádà, láàárín àwọn ọdún 1950, Bertram Brockhouse ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní alápá mẹ́ta. Kírísítálì kan á ṣa nútírọ́ọ̀nù tí ìgbì wọn gùn bákan náà, àwọn yìí á kọlu ohun tí à ń yẹ̀ wò, kírísítálì kejì á sì tún ṣa àwọn tó jáde kí a tó kà wọ́n. Òun àti Clifford Shull, tó fi nútírọ́ọ̀nù ṣàfihàn bí òòfà átọ́ọ̀mù ṣe máa ń kọjú síra wọn nínú manganese oxide, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1994.

Agbára ọ̀nà yìí ni pé ó lè dúró sójú kan ṣoṣo fún wákàtí púpọ̀, nínú òtútù líle àti agbára òòfà ńlá, títí àmì tó fara sin á fi yọ. Báyìí ni ẹgbẹ́ Jean Rossat-Mignod ní Faransé ṣe rí àmì òòfà kan ní 1991 nínú kírísítálì oníbàbà tí iná ń gbà kọjá láìsí ìdíwọ́, àmì tí àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí. Àléébù rẹ̀ ni pé ibi tí o bá wò nìkan lo máa rí, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú nútírọ́ọ̀nù ló sì ti ṣòfò kó tó débẹ̀.

Àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ kan náà kò fi kírísítálì ṣà á, àkókò ni wọ́n ń kà. Àwo tó ní ojú tóóró ń yí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń gé ìtànṣán sí ìṣù kéékèèké. Nútírọ́ọ̀nù tó ń sáré ní mítà 2,200 yóò rin mítà 10 láàárín ìdá 4.5 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tó bá pẹ́ dé ti fi agbára sílẹ̀ lọ́nà, èyí tó bá yá ti gba agbára kún un. Ẹ̀rọ tí ń kà á yí ohun èlò náà ká, nítorí náà gbogbo ìhà ni wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kan náà. ISIS ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ́kọ́ tú nútírọ́ọ̀nù jáde ní 1984, àti SNS ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ni ilé ńlá méjì fún iṣẹ́ yìí. Ní Oak Ridge ni wọ́n ti fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yẹ ruthenium chloride wò ní 2016 àti 2017. Dípò àmì tó mú ṣáṣá, ohun tó tàn káàkiri bí ìkùukùu ni wọ́n rí, irú èyí tí àbá Alexei Kitaev nípa òòfà tí kì í tò sọ tẹ́lẹ̀.

Lójú tèmi, ìjà láàárín ìhà méjèèjì yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹni tó mọ ibi tí ohun tó ń wá wà, kó lọ sídìí alápá mẹ́ta. Ẹni tí kò mọ̀, kó lọ ka àkókò.

Àwọn tó ní kí a kó o jọ

Heinz Maier-Leibnitz àti Tasso Springer ní Jámánì ló fi hàn ní 1963 pé a lè fi páìpù oníjígí gbé nútírọ́ọ̀nù lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí nútírọ́ọ̀nù bá fi ẹ̀gbẹ́ ra jígí níkẹ́ẹ̀lì díẹ̀, á ta padà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ díẹ̀ lóòótọ́: fún ìgbì nánómítà 0.18, igun rẹ̀ kò ju ìdá 0.18 ti dígírì kan lọ. Ferenc Mezei, ará Họ́ńgárì, mú un gbòòrò ní 1976 nígbà tó dábàá kí a to oríṣi ohun èlò méjì léra ní ìpele púpọ̀ tí nínípọn wọn yàtọ̀ síra, kí ìpele kọ̀ọ̀kan lè dá igun tirẹ̀ padà. Lónìí, irú jígí bẹ́ẹ̀ lè gba igun tó ju ti níkẹ́ẹ̀lì lásán lọ ní ìlọ́po mẹ́fà.

Kírísítálì kúáńtọ́ọ̀mù tuntun kì í tóbi, òmíràn kò ju mílígíráàmù díẹ̀ lọ. Bí a bá tún fẹ́ fi agbára ńlá tẹ̀ ẹ́ nínú ihò irin kékeré, ìtànṣán tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan yóò kọlu irin ju kírísítálì lọ. Páìpù tí wọ́n gbẹ́ bí ẹyin, tó fẹ̀ láàárín tó sì tín-ín-rín lẹ́nu, ń kó ìtànṣán náà jọ sójú tí kò ju mílímítà díẹ̀ lọ. Èrè ńlá nìyẹn. Owó tí wọ́n san fún un ni pé ìtànṣán á ti oríṣiríṣi ìhà wọlé, àwòrán ibi tí agbára lọ á sì ṣú. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ jígí tuntun bí ẹni pé ó ń dá nútírọ́ọ̀nù sílẹ̀. Kò dá ìkankan sílẹ̀, òfin Liouville kò gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ka òòfà inú rẹ̀

Nútírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan jẹ́ òòfà kékeré. Ní 1969, Moon, Riste àti Koehler fi hàn ní Oak Ridge pé bí a bá mú kí gbogbo wọn kọjú síbì kan kí wọ́n tó kọlu ohun èlò, tí a sì tún yẹ ibi tí wọ́n kọjú sí wò lẹ́yìn rẹ̀, a ó lè ya iṣẹ́ òòfà sọ́tọ̀ kúrò lára ti átọ́ọ̀mù lásán. Fún ohun èlò kúáńtọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ni ìyẹn nìkan lè parí. Àmọ́ ìdajì nútírọ́ọ̀nù, ó kéré tán, ló ń ṣègbé lójú ẹsẹ̀, nítorí àwọn tó kọjú síbòmíràn kò wúlò. Gáàsì helium-3, tó jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń ṣà wọ́n, kò sì sí ní ọjà bí iyọ̀: inú tritium tí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ṣe fún ohun ìjà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń jáde.

Mezei yìí kan náà ló tún dá ọgbọ́n mìíràn ní 1972. Ó ní kí òòfà inú nútírọ́ọ̀nù máa yí nínú agbára òòfà kan kó tó kọlu ohun èlò, lẹ́yìn ìkọlù kó máa yí padà nínú òmíràn. Bí eré rẹ̀ kò bá yí padà, á bọ́ sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Nútírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ti gbé aago tirẹ̀ dání nìyẹn, kò sì pọn dandan mọ́ kí a ṣa àwọn tí eré wọn dọ́gba. Nínú gbogbo ohun tí mo gbé yẹ̀ wò, ọgbọ́n yìí nìkan ló já okùn tó so ìríran tó mú mọ́ ìtànṣán tó kéré, òun ló sì wù mí jù. Àléébù rẹ̀ kò kéré: bí ohun tí à ń yẹ̀ wò bá jẹ́ òòfà líle, tàbí ó wà nínú agbára òòfà ńlá, á da aago gbogbo wọn rú, ohun èlò kúáńtọ́ọ̀mù púpọ̀ ló sì rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ lọ́ ìgbì rẹ̀

Ẹgbẹ́ tuntun jù nìyí, òun náà ni ariwo pọ̀ sí jù. Wọ́n ní ìgbì nútírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ṣeé gbẹ́, kì í ṣe eré rẹ̀ tàbí ìhà tó kọjú sí nìkan. Ìpìlẹ̀ wọn lágbára: láti 1974 ni Helmut Rauch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi kírísítálì sílíkọ́ọ̀nù kan ṣoṣo pín ìgbì nútírọ́ọ̀nù sí méjì, tí wọ́n tún pa á pọ̀.

Ní 2015, ẹgbẹ́ kan tí Charles Clark àti Dmitry Pushin wà lára wọn kéde nínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn ti lọ́ ìgbì náà. Aluminiọ́ọ̀mù ni wọ́n gbẹ́ bí àtẹ̀gùn tó ń yí gòkè, wọ́n sì gbé e sójú ọ̀nà ìtànṣán nínú irú ẹ̀rọ Rauch, ní NIST, ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní Maryland. Bí ibi tí nútírọ́ọ̀nù gbà kọjá bá ṣe nípọn tó ni ìgbì rẹ̀ ń sún tó, nítorí náà ojú ìgbì tó jáde lódìkejì ti lọ́ bí ìdè okùn.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Cappelletti, Jach àti Vinson tako àlàyé náà, NIST kan náà sì ni àwọn pẹ̀lú ti ń ṣiṣẹ́. Wọn ò sọ pé àwòrán tí àwọn ti àkọ́kọ́ rí kì í ṣe òótọ́. Wọ́n ní ìgbì nútírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo kò fẹ̀ tó àtẹ̀gùn aluminiọ́ọ̀mù yẹn rárá. Ibi tí ìgbì rẹ̀ ti wà ní ìṣọ̀kan kéré gidigidi, nígbà tí ìtànṣán fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nútírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan wulẹ̀ gba orí ìdásẹ̀lé kan ṣoṣo kọjá ni. Àpapọ̀ wọn ló dà bí èyí tó lọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò lọ́.

Àtakò náà ṣe iṣẹ́ rere, nítorí ìdáhùn tó dé ní 2022 kọjú sí i tààrà. Dusan Sarenac àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fín ìlà wínníwínní tó là bí amúga sára sílíkọ́ọ̀nù. Àmì kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀ ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà lọ, kí ìgbì ẹyọ nútírọ́ọ̀nù kan lè bò ó pátá. Nítorí pé àmì kan kò lè mú nútírọ́ọ̀nù tó pọ̀ tó, wọ́n fín 6,250,000 irú rẹ̀ sórí ojú tí kò ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó lọ. Wọ́n fi í síwájú ìtànṣán ní Oak Ridge, òrùka tí ìgbì tó lọ́ máa ń yà sì yọ lójú ẹ̀rọ. Èyí ló sún mọ́ ẹ̀rí jù lọ.

Àwọn ará yunifásítì Indiana gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2020, ẹgbẹ́ Roger Pynn fi hàn pé àwọn lè so ibi tí òòfà nútírọ́ọ̀nù kan kọjú sí pọ̀ mọ́ ọ̀nà méjì tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, kí a má lè sọ nípa ọ̀kan láìkan èkejì. Àlàfo ọ̀nà méjèèjì ṣeé fà gùn tàbí kó ṣeé dínkù, ìrètí wọn sì ni pé irú nútírọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ yóò lè bá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó so mọ́ra wọn lọ́nà kan náà sọ̀rọ̀.

Kí ni wọ́n fẹ́ lò ó fún? Wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí manganese silicide, níbi tí Mühlbauer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí òòfà tó ń yí bí ìjì ní 2009 ní ìtòsí Munich. Ìgbì tó lọ́, wọ́n ní, á mọ ohun tó lọ́. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbì tí kò lọ́ rárá ni Mühlbauer fi rí tirẹ̀. Àwọn ìdánwò tí mo kà sílẹ̀ yìí fi hàn pé a lè ṣe ìtànṣán náà. Pé ó sọ ohun tuntun kan fún wa nípa ohun èlò kúáńtọ́ọ̀mù, ìyẹn kò sí nínú wọn. Àwọn ìlà wínníwínní náà sì ń fọ́n ìtànṣán ká sí ìhà púpọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń lọ sí ibi tí a fẹ́.

Àwọn tó ní orísun ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe

Ẹgbẹ́ yìí ń wo gbogbo ọgbọ́n òkè yìí, wọ́n ní bí ẹ̀ ń da nútírọ́ọ̀nù nù, ẹ kọ́kọ́ ní i lọ́wọ́. ILL ní Grenoble, ní Faransé, ń lo ríákítọ̀ mẹ́gáwáàtì 58 láti 1971. Àwọn mìíràn kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: NRU ní Chalk River ilé Brockhouse ti panu dé ní 2018, ti Berlin àti ti Saclay tẹ̀ lé e ní 2019. ESS, orísun nútírọ́ọ̀nù tí wọ́n ń kọ́ ní Lund, ní Sweden, ni ìrètí àwọn ará Yúróòpù. Níbẹ̀, apá kan lára títọ́ ìtànṣán ti bẹ̀rẹ̀ láti inú apẹ háídírójìn tútù tó ń rọ eré rẹ̀: pẹlẹbẹ ni wọ́n ṣe é, kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ́lẹ̀ jù.

Òdìkejì wọn ni àwọn tó ní orísun kékeré púpọ̀ sàn ju ńlá kan lọ. Ní RIKEN ní Japan àti ní yunifásítì Indiana, púrótọ́ọ̀nù tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n ń ta lu bẹ̀rílíọ́ọ̀mù. Owó rẹ̀ kéré, ewu rẹ̀ kéré, ó sì dára fún kíkọ́ ọmọ níṣẹ́. Fún kírísítálì mílígíráàmù méjì, kò tíì tó.

Nàìjíríà ńkọ́?

Ríákítọ̀ kan ṣoṣo la ní, NIRR-1 ní Zaria, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004 pẹ̀lú kílówáàtì 31. Ní 2018 ni wọ́n pààrọ̀ epo yúréníọ́ọ̀mù líle inú rẹ̀ sí èyí tí kò ṣeé fi ṣe ohun ìjà. Níbi tó ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, nútírọ́ọ̀nù bíi tírílíọ̀nù 1 ló ń la sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ILL jẹ́ tírílíọ̀nù 1,500. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé wọn kò dá ihò tí ìtànṣán máa gbà jáde sí i. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń sọ òkúta, ilẹ̀ tàbí oúnjẹ sí láti mọ èròjà tó wà nínú wọn, iṣẹ́ gidi sì nìyẹn. GHARR-1 ní Ghana, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti wà láti 1994, kò yàtọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ìtànṣán tó jáde síta lè lọ bá SAFARI-1 ní Pelindaba, ní Gúúsù Áfíríkà, mẹ́gáwáàtì 20, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1965.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rọ Pelletron tó wà ní CERD, ibùdó ìwádìí agbára ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù. Fólìtì mílíọ̀nù 1.7 ló ń lò, ó sì lè ti púrótọ́ọ̀nù dé mílíọ̀nù electronvolt 3.4. Lítíọ́ọ̀mù kò béèrè ju mílíọ̀nù 1.88 lọ kó tó máa tu nútírọ́ọ̀nù jáde. Ní ti agbára, ó ti kọjá ààlà. Ní ti iye, púrótọ́ọ̀nù tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gbé kò tó nǹkan, nítorí iṣẹ́ àyẹ̀wò èròjà ni wọ́n ṣe é fún.

Ohun tí kò tíì yanjú

A kò tíì mọ̀ bóyá ìgbì tó lọ́ yóò rí ohun tí ìgbì lásán kò rí, tàbí ọgbọ́n tó kàn dùn ún wò ni. Ìkùukùu tí wọ́n rí nínú ruthenium chloride ṣì ní àlàyé ju ọ̀kan lọ, ìtànṣán tí òòfà rẹ̀ kọjú síbì kan sì lè jẹ́ ohun tó máa là wọ́n.  Lórí orísun, ìṣirò owó ni yóò dájọ́ láàárín ńlá kan àti kékeré púpọ̀, ìṣirò náà kò sì rí bákan náà fún Sweden àti fún wa.

Fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn, mi ò rò pé kíkọ́ ríákítọ̀ ni ohun àkọ́kọ́. Oak Ridge ń gba ìwé àbá ìwádìí lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ káàkiri ayé, bí àbá bá sì ti múná, wọ́n máa ń fún ẹni tó bá máa tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde láyè láìgba owó ìtànṣán. Ohun tó ń da àbá nù ni kí ẹni tó kọ ọ́ má lè ṣàlàyé irú ìtànṣán tó fẹ́ àti ìdí rẹ̀. McStas, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Risø ní Denmark, tó jáde ní 1998, ń jẹ́ kí ènìyàn to jígí, àwo tí ń yí àti kírísítálì bó ṣe fẹ́, kó sì ka nútírọ́ọ̀nù tó máa kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka físíìsì ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ fi í kún iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ yín láti ọdún tó ń bọ̀.